Ọba Afẹ́fẹ́ Na Ọwọ́ Òsì: Iṣẹ́ Bàbà Fífín Tí Mo Kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má retí pé mo máa na ìka sí ibì kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ kan, ó ṣì ń rú mi lójú títí di òní bóyá èmi ni mo yan iṣẹ́ náà tàbí òun ló yàn mí. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹ̀yin fi ọgbọ́n tiyín yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n fi irin ṣóńṣó fín àwòrán sí ara abala bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń bo ìdí ọkọ̀ òkun. Bí mo bá fín in tán, màá fi tàdáwà kún ojú ibi tí mo fín, màá nu òkè rẹ̀ mọ́, màá wá fi ẹ̀rọ tẹ pépà mọ́ ọn. Àwòrán tó wà lára bàbà á bọ́ sórí pépà. Ará Ítálì ló kọ́ mi, ìtàn ayé àtijọ́ ti ìhà ọ̀dọ̀ wọn ló sì máa ń wà nínú àwòrán náà.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, Búráímọ̀ lorúkọ mi. Èbúté ni ìyá mi ti ń ra ẹja, á yan án, á gbé e gba orí ọ̀sà lọ tà ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo parí kéwú, tí wọ́n ṣe wòlímà fún mi, gbogbo ilé ń yọ̀, èmi nìkan ni mo jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ tí kò mọ èbúté tí ọkọ̀ ń lọ. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Ìbànújẹ́ ní orúkọ, ẹni tó bá ní in mọ ohun tó ń ṣe òun. Tèmi kò lórúkọ. Mo mọ̀wé, n kò fẹ́ ṣe àfáà, n kò lágbára ọkọ̀ wíwà, omi sì ń kọ́ mi lóyì.

Lákòókò yẹn, àwọn ará Èkó tí ogun lé kúrò nílé ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, òwò epo pupa ti gbóná níbẹ̀, àwọn òyìnbó sì ń wá rà á. Ìyá mi gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bó ṣe gbà mí àti ohun tó ń fún mi kò ní ìtàn nínú, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Baba Jákómò ni a ń pe ọ̀gá mi. Àwọn oníṣòwò kan ló fi í ṣe olùtọ́jú sítọ́ọ̀ epo wọn létí omi, àmọ́ iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni bàbà fífín. Lẹ́yìn sítọ́ọ̀, ó ní yàrá kan tí ẹ̀rọ wà: igi rógódó méjì tó dùbúlẹ̀ léra wọn, pẹ̀lú ọ̀pá ìyí tó gùn ju apá mi lọ. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ àwòrán tí àwọn Àgùdà àti Sàró máa ń rà ní Èkó láti fi ṣe pálọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló máa ń pe gbogbo ènìyàn, látorí ọmọ ọwọ́ dórí ọba. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n máa sọ "ìwọ" rẹ̀ di "ẹ̀yin" kó tó dé etí àgbà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn àwòrán rẹ̀, mo rò pé ara mi kò yá ni. Ọmọbìnrin kan ń sá lọ, ewé ti ń hù lórí ìka rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìda lẹ ìyẹ́ mọ́ apá, oòrùn yọ́ ọ, ó ń já bọ́ sínú òkun. Ọdẹ kan di àgbọ̀nrín, àwọn ajá òun fúnra rẹ̀ ń fà á ya. Mo bi Baba Jákómò bóyá òrìṣà wọn nìyẹn. Ó ní rárá, Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n ń sìn. Mo bi í bóyá ó ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní kò ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ń fín in. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni orí mi kò pé.

"Nítorí ó dára," ó wí.

N kò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí kì í ṣe òótọ́, tí kì í ṣe ẹ̀sìn, tí ènìyàn sì ń fọ́ ojú rẹ̀ lé e lórí títí ó fi ń darúgbó, torí pé ó dára nìkan? Ìyá mi ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ya àwòrán ènìyàn, lọ́jọ́ àjíǹde ni wọ́n á ní kó fi ẹ̀mí sí i. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àfáà mi lọ, ó ní kí n máa tọrọ àforíjì bí mo bá ti ń ṣe é. Mo bi í bóyá ìyẹn túmọ̀ sí pé kí n máa ṣe é lọ. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ní ilé Baba Jákómò, òwe yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Láràárọ̀ á ní kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á wo àtẹ́lẹwọ́ mi, á wo abẹ́ èékánná. Làálàá iṣẹ́ náà kò ju nínù lọ. A kì í fi aṣọ nu bàbà tán, àtẹ́lẹwọ́ tí a fi ẹfun pa díẹ̀ ni a fi ń parí rẹ̀. Bí o bá nù ún jù, tàdáwà á jáde kúrò níbi tí a fín, àwòrán á rí bí ẹni tó ṣàìsàn dìde. Bí o kò bá nù ún tó, pépà á dọ̀tí. Bí àbàwọ́n bíi orí abẹ́rẹ́ bá wà lára pépà, Baba Jákómò kì í bínú, kì í pariwo. Á fà á ya sí méjì, á tò ó sójú mi, á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìbá sàn kó nà mí. Ẹni tí wọ́n nà mọ ìgbà tí ìyà rẹ̀ parí, èmi á máa gbé yíya pépà yẹn kiri inú àyà mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irin ìfín ńkọ́? N kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínù àti yíyí ọ̀pá ni tèmi, òjò ń lọ, ọyẹ́ ń bọ̀.

Irinṣẹ́ wa kò dúró síbì kan. Nígbà tí òróró tó kó ti ìlú wọn wá láti fi po tàdáwà tán, ó ní ká gbìyànjú àdín. Àdín kò gbẹ. A tẹ àwòrán, a sá a títí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á di dúdú. Ìyá mi ló mú òróró àṣálà wá, torí ó ti rí i pé bó bá kán sórí igi, ó máa ń le bí èèpo. Ìyẹn gbẹ. Nígbà tí mo dàgbà, òkúta pẹlẹbẹ dé, tí a ń fi ọ̀rá kọ nǹkan sí lára, kò sí fífín mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà òjé dé, àwọn èwe tí kò lè fa ìlà kan gún sì ń tẹ̀wé bí ẹni ń ka ẹyọ àgbàdo. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ogun dé Ẹ̀pẹ́, mo kó ẹ̀rọ tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi padà sí Ìkòròdú. Ogun tún tẹ̀lé mi dé Ìkòròdú, mo tún kó o sínú ọkọ̀. Ojú ló mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ níkẹyìn. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí ayé mi ti tẹ̀ sí apá kan, kì í ṣe ogun, kì í ṣe òjé. Ọ̀rọ̀ Baba Sàlámì ni, ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀.

Baba Sàlámì ni olórí àwọn oníṣòwò epo nínú àwọn tó ti Èkó wá. Bí ó bá ní kí ọkọ̀ epo yà sí sítọ́ọ̀ kan, ibẹ̀ ni yóò yà. Baba Jákómò fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn tí òyìnbó mìíràn kò lè fún un. Àwọn abala bàbà tó bá a ti Ítálì wá, baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ ló fín wọn, ìhòòhò sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ó wá pépà àtijọ́ kan jáde, èyí tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, tí kò ṣe é gbé fún àgbà. Àwòrán ọba tó ni afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀: ó wọ aṣọ dé ẹsẹ̀, ó ń gbé àpò kan fún balógun ọkọ̀ tó ń lọ sílé láti ojú ogun. Gbogbo ìjì ayé ló dè sínú àpò náà kí ojú omi lè rọ̀. Mo rò pé ẹ̀bùn tó tọ́ sí ará orí omi ni. Ọ̀gá mi da àwòrán náà kọ sórí bàbà tuntun gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i, ó sì fi oṣù mélòó kan fín in. Èmi ń wò ó lójoojúmọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọba náà fi na àpò.

Ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́, mo yẹ pépà náà wò látòkè délẹ̀. Kò sí àbàwọ́n. Ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kọ́ láti máa wá àbàwọ́n, àbàwọ́n nìkan ni yóò máa rí.

A gbé e lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Baba Sàlámì wà níta ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tí wọ́n jọ ti Èkó wá, ìyálé rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yin iṣẹ́ náà. Baba Sàlámì ní pálọ̀ tí òun ti ń gba àlejò òyìnbó ni òun máa gbé e kọ́ sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kírun. Ó wá ní kí n sọ ìtàn rẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò sí ẹni tó tíì ní kí n sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí. Mo sọ ti ọba, mo sọ ti àpò. Mo ní balógun wa ọkọ̀ títí, ilé ti sún mọ́, wọ́n ti ń rí èéfín iná ìdáná àwọn ènìyàn wọn. Ó sùn lọ. Àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ rò pé wúrà ló wà nínú àpò, wọ́n tú u, ìjì jáde, ó sì gbá wọn padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹyin lohùn. Ibi tí mo ti ń sọ "padà" ni mo ti rí ojú àwọn tó jókòó, àwọn tí wọ́n ti ń retí láti padà sí Èkó láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìtàn tó ti jáde lẹ́nu mì padà.

Ìyálé na ọrùn síwájú. "Ẹ wo ọwọ́ tó fi ń gbé e," ó wí.

Gbogbo wa wò ó. Lórí pépà, ọwọ́ òsì ni. Mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo rí ní gbogbo oṣù yẹn, mo sì ń wo ọwọ́ òsì báyìí. Mo rò pé ojú mi ti ń já mi kulẹ̀, tàbí pé orí mi ló ń dà rú. Baba Jákómò ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀ ni. Ó na ìka sí Baba Sàlámì.

"Ìwọ dára," ó wí.

Baba Sàlámì kò wò ó. Èmi ló wò. "Búráímọ̀, sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo rí i. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e fún wa, ó sì ní a kò ní délé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọkọ̀ epo ń kọjá níwájú sítọ́ọ̀ wa, wọn kò wo ẹ̀gbẹ́. Sítọ́ọ̀ òyìnbó mìíràn tó wà ní ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó ni òwò ránṣẹ́ pé bí ọkọ̀ òkun bá dé tí kò bá epo nílẹ̀, kí Baba Jákómò ti ilẹ̀kùn, kó bá ọkọ̀ náà lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ á lọ, iṣẹ́ á lọ, èmi á sì padà sí Ìkòròdú bí ẹni tó mọ bí a ṣe ń nu bàbà nìkan, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fún mi ṣe.

Mo bi ọ̀gá mi nípa ọwọ́ náà. Ó ṣàlàyé pé ohun gbogbo tó bá ti ara bàbà bọ́ sórí pépà ló ń yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àwọn baba òun máa ń fín in ní òdìkejì kó lè bọ́ sípò, àmọ́ ìyẹn gba àkókò, ní ìlú wọn sì rèé, kò sí ẹni tó ń bi ọba ní ọwọ́ tó fi ń na nǹkan. Kí ni ọwọ́ òsì ṣe? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ní ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé, àpò ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé abala bàbà náà lọ han Baba Sàlámì. Ó pẹ́ kó tó gbà. Ìyá mi tẹ̀lé mi, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn, èmi dọ̀bálẹ̀ níwájú. Baba Sàlámì gba bàbà náà, ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ ọ̀tún rèé," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ti pépà ńkọ́?"

"Òsì ni, Baba."

"Èwo lẹ gbé fún mi nínú méjèèjì?"

"Pépà ni, Baba."

"Ta ló wá ń parọ́ níbẹ̀, irin ni àbí pépà?"

Mo ti ro àlàyé rẹpẹtẹ kalẹ̀ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Bí mo bá ní irin ló sọ òótọ́, kí ni à ń ta pépà sí? Bí mo bá ní pépà ni, a ti bú àgbà. "N kò mọ̀, Baba," mo wí, omi sì bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀tàn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. N kò mọ̀ lóòótọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré. "Ìyá Búráímọ̀, ọmọ yìí kò lè ṣe òwò láéláé." Lẹ́yìn náà ó gbé bàbà náà sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ẹ gba pépà yín. Èyí tó fi ọwọ́ ọ̀tún fún mi ni mo gbà. Bí ọ̀gá rẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, epo á tún máa yà sọ́dọ̀ yín. Bí kò bá fẹ́, kó wá gbé irin rẹ̀, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ yìí, ó lè dà bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Ẹni tó bá gba pépà ti gba àwòrán kan. Ẹni tó bá gba bàbà ti gba gbogbo àwòrán tí ì bá ti ara rẹ̀ jáde. Mo rìn padà bí ẹni tó ń gbé òkú lọ sílé ẹlòmíràn. Nígbà tí mo sọ fún Baba Jákómò, ó jókòó sórí àgbá epo, ó fi ọwọ́ bojú.

"Irin yẹn," ó wí, "ọmọ mi ni."

Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ronú pé ó máa ní kí n lọ gbé e wá, inú mi sì pín sí méjì: apá kan fẹ́ kó gbà kí iṣẹ́ lè dúró, apá kan sì kórìíra apá àkọ́kọ́ yẹn torí pé kì í ṣe òun ló fi oṣù fín bàbà. Níkẹyìn ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó mú abala bàbà tuntun jáde, pẹ̀lú dígí kan àti pépà àtijọ́ tí kòkòrò jẹ. Ó gbé dígí dojú kọ pépà. Nínú dígí, ọba náà na ọwọ́ òsì. Ó fi irin ìfín, tí n kò fọwọ́ kàn rí, sí mi lọ́wọ́.

"Ohun tí o rí nínú dígí, fín in," ó wí. "Kí Sàlámì máa tọ́jú tèmi."

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí sítọ́ọ̀ wa kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Èmi ní tèmi wà nínú dígí. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń fi òsì na nǹkan, wọ́n ń fi òsì di àjẹ̀ mú, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé mò ń hu ìwà àìmọ́. Orí mi dà rú débi pé lọ́jọ́ kan mo na ọwọ́ òsì sínú àwo oúnjẹ, ìyá mi gbá a. Ó ní kí ni òyìnbó yìí sọ mí dà? Mo ní n kò mọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ jù nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí a tẹ tèmi, Baba Jákómò ká pépà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọba afẹ́fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún. Ìlà mi kò jọ̀lọ̀ bíi tirẹ̀, ojú balógun náà fẹ̀ jù, àwọn ìgbì omi sì rí bí ẹní tí eku jẹ. Ó wò ó títí. Mo ń dúró de ìgbà tí yóò fà á ya. Kò fà á ya. Ó gbé bàbà náà padà sórí tábìlì, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹni tó fín in máa ń kọ orúkọ sí. Ó ní kí n kọ tèmi síbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ́ ni mí mọ́.

Kì í ṣe ìwé òyìnbó ni mo mọ̀ nígbà yẹn, kéwú ni. Láti ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbé irin sókè, mo gbé e sílẹ̀, mo bi í pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tí pépà á fi lè kà á. Mo ronú títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ń ti òsì lọ sí ọ̀tún bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ ìwé òyìnbó, torí pépà á tún yí i padà, ẹ̀rù sì ń bà mí ní gbogbo lẹ́tà. A tẹ̀ ẹ́. Mo kà á láti ọ̀tún wá sí òsì bí àfáà ṣe kọ́ mi. Búráímọ̀ ni.